Ṣé Ẹ Ti Ránṣẹ́ sí Ìyá Ológbò?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní àdúgbò Asawase níbí, ìyá mi ní ọ̀rẹ́ kan tí kò fojú rí rí. Inú ìwé ni ọ̀rẹ́ náà ń gbé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀kan ń tẹ̀lé òmíràn. Opó kan tó ń ṣe àkàrà òyìnbó ní abúlé ló máa ń tú àṣírí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi, òun àti ológbò rẹ̀. Ẹnìkan á kú lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù kì í bani, nítorí wọ́n á ti gbé tíì kalẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú kúrò. Bàbá mi ló máa ń rà á ní àlòkù ní ọjà Asafo, kí n lè gbọ́ òyìnbó dáadáa. Ìyá mi kò kàwé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tó jókòó ti igbá ẹ̀pà tó ń ṣà, èmi á máa kà á, màá sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún un.

Orúkọ ló kọ́kọ́ dá wa láàmú. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ, àfi orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ wọ́n. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni ìyá mi ń pè é títí ó fi kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún àwọn ará inú ìwé. Opó yẹn di Ìyá Ológbò. Ọlọ́pàá tí kì í mọ nǹkan kan di Ọ̀gá Afínjú, ọkùnrin tó ń ta òdòdó di Bàbá Olódòdó. Ó sì ní òfin kan: a kò gbọdọ̀ ṣí orí tó kẹ́yìn àfi tí àwa méjèèjì bá ti dárúkọ ẹni tí a fura sí.

"Gyae! Dúró ńbẹ̀," á pariwo, á fi èdè ìlú yìí lú Yorùbá. "Bàbá Olódòdó yẹn ni. Me se wo, mo ń sọ fún ọ, òun ni!"

Màá bá a jiyàn. Òun ló sì máa ń jàre.

Hajia kan tó jẹ́ Hausa, tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà, máa ń gbọ́ wa. Ó rò pé ẹbí wa kan ni Ìyá Ológbò. Nígbà tí Ìyá Ológbò ṣubú látorí àkàbà nínú ìwé, Hajia gbé kókó, ògì gbígbóná, wá kí wa. "Allah ya ba ta lafiya," ó ní, kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Ìyá mi ṣe àmín, ó gba kókó, kò jẹ́wọ́. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Nígbà tí ìyá mi lọ, ẹbí kún ilé, gbogbo wọn ń sunkún, èmi ò rí ẹkún sun. Hajia ti gbó nígbà náà, ńṣe ni wọ́n mú un lọ́wọ́ wọlé. Ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Ṣé ẹ ti ránṣẹ́ sí Ìyá Ológbò?" Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Hajia náà ti lọ báyìí.

Ọmọ mi tó wà ní Accra ló ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi bó bá ti ń jáde. Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ tí mo bá sọ fún un lórí fóònù pé Ìyá Ológbò tún ti rí òkú, á ní, "Hwan koraa, Màámi? Ta nìyẹn?" Àwọn ọmọ inú ilé yìí ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì padà sídìí fóònù wọn. N kò bá wọn jà. Láyé ìgbà yẹn, ìwé kan ń kó ilé méjì jọ. Lónìí, kálukú ló ń dá gbọ́ tirẹ̀ létí. Ó ń dùn mí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Èyí tó dé kẹ́yìn yìí, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé kò ní sí òmíràn mọ́. Mo ti kà á dé orí tó kẹ́yìn, mo sì pa á dé. Ó wà lórí tábìlì, awò ojú mi wà lórí rẹ̀. Obìnrin tó ń ta bọ́tà ni mo fura sí. Mo sọ ọ́ sókè ketekete nínú yàrá.

Màámi, mo ti dárúkọ tèmi. Ó ku tiyín.