Àga Tí Kì Í Dá Lọ Sóde Eré

Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí fídíò ti ń kó òǹwòran kúrò nínú gbọ̀ngàn lọ sí pálọ̀ oníkálukú, ẹgbẹ́ eré kan ṣì wà ní Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Awóníyì ni ọ̀gá wọn. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni Mojíre máa ń lóṣòó sí, láàárín idà onípákó, ìkòkò, ẹní àti fìlà.

Mojíre ló ń tọ́jú ẹrù eré. Ohunkóhun tí òṣèré bá máa dì mú, tó máa jókòó lé tàbí tó máa fọ́ lórí ìtàgé, òun ló ń wá a, òun ló ń kàn án, òun náà ló ń kùn ún. Zóbò ló fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn ìyá arúgbó á sì máa sunkún.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́: òmìnira. Òfin ẹgbẹ́ òṣèré ni pé ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ parí gbọ́dọ̀ gba òmìnira níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ kó tó lè dá dúró. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé nìkan ni wọ́n sì ń fún. Awóníyì bẹ̀bẹ̀ títí, kí Bàbá Èṣùbíyì, olórí ẹgbẹ́ gbogbo òṣèré ìlú, tó gbà láti wá wo eré kan lọ́sàn-án Sátidé.

Bàbá náà ní, "Bí ẹrù kankan ò bá já wa kulẹ̀, a ó fún un. Bí ọ̀kan bá já wa kulẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kó máa bá ọ̀gá rẹ̀ gbé ẹrù lọ."

Eré náà dá lórí baálẹ̀ ìkà kan tí ìlú lé kúrò lórí àga. Àga ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Mojíre fi igi fúyẹ́fúyẹ́ ṣe é, ó fi páálí wé e, ó fi ògì tó ki lẹ̀ ẹ́, ó sì kùn ún títí tó fi ń dán bí idẹ.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ wọn yà ní Sábó láti gba ìwo màlúù tí baálẹ̀ máa fi mu ẹmu. Àga ò tíì gbẹ tán, Mojíre bá gbé e sí oòrùn lẹ́bàá ibi tí Mùhámmẹ́d, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta àgbò níbẹ̀, ń so àgbò rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa gba ìwo dé, àwọn àgbò ti gbóòórùn ògì, wọ́n ti jẹ apá àga méjèèjì, wọ́n ń bá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Mùhámmẹ́d pariwo pé, "Wálláhì, mo rò pé ẹ̀yin lẹ gbé oúnjẹ wá fún wọn!"

Láoyè, tó ń ṣe baálẹ̀ ìkà, di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àgbò ti rọ̀ mí lóyè kí eré tó bẹ̀rẹ̀!"

Mojíre ò dúró rẹ́rìn-ín. Ó ti fò sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di agbo ilé Fáṣínà. Àga ìrókò ńlá kan wà níbẹ̀ tó ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá Fáṣínà ò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbùkún, ló bá.

"Gbé e, jàre," ni Ìyá Ìbùkún wí. "Láti ọjọ́ tí bàbá ọkọ mi ti kú, eruku nìkan ló ń jókòó lé e. Ṣáà dá a padà kí bàbá tó dé."

"Níbo ni bàbá lọ, mà?"

"Ṣé ó sọ fún mi? Ó wọ agbádá, ó ní òun ń lọ ṣe fàájì."

Ẹlẹ́rù eré kì í yá nǹkan kó jẹ́ kí àyè rẹ̀ ṣófo. Mojíre tẹ́ ìborùn rẹ̀ síbi tí àga wà, ó gbé àga karí, ó sáré.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Láoyè jáde, ó rẹ́rìn-ín ìkà, ó jókòó. Àfi bí bàbá kan ṣe dìde láàárín èrò pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

"Ìwọ! Dìde lórí àga bàbá mi!"

Fáṣínà ni. Gbọ̀ngàn hó yèè. Wọ́n rò pé ara eré ni.

"Ta ni bàbá rẹ?" Láoyè fi ohùn baálẹ̀ dáhùn, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

"Èmi àkọ́bí rẹ̀ ò tíì jókòó lé e, ìwọ wá gbé ìdí pẹlẹbẹ yẹn lé e!"

Bàbá Èṣùbíyì bọ́ jígí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnì, Awóníyì ti di okùn mú. Mojíre mọ̀ pé bí kọ́tìnì bá fi lè pa dé, òmìnira òun ti lọ nìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á!"

Kò tíì jáde síwájú èrò rí. Ó jáde, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin la ti ń retí! Gbogbo ìlú ti bẹ ìkà yìí pé kó dìde, ó kọ̀. Ẹni tó ni àga ti dé. Ẹ fúnra yín lé e!"

"Ẹ lé e! Ẹ lé e!" Èrò ti dìde. Fáṣínà wo ọmọbìnrin náà, ó wo èrò, ó ká agbádá sí èjìká. Ó na ọ̀pá sókè. Láoyè rí i pé ọ̀pá yẹn kì í ṣe ti páálí. Ó fò dìde, fìlà rẹ̀ já bọ́, ó sá wọlé. Bàbá náà fọwọ́ pa apá àga, ó rọra jókòó. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ọmọdé. Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé gbọ̀ngàn.

"Awóníyì, ta ló kọ ibi tí bàbá yẹn ti dìde?" ni Bàbá Èṣùbíyì bi í lẹ́yìn eré.

Awóníyì fi ẹnu júwe Mojíre. Mojíre ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sọ ti àgbò, ó sọ ti Ìyá Ìbùkún. Bàbá Èṣùbíyì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí níbẹ̀, ó ṣàdúrà, ó fún un ní òmìnira lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mojíre fò sókè bí ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀.

Fáṣínà ò tíì dìde lórí àga.

"Níbo lẹ tún ń gbé e lọ?"

"Iléṣà ni, bàbá."

"Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀. Àga mi kì í dá lọ."

Wọ́n fi àyè sílẹ̀. Láoyè nìkan ló ní ẹ̀bẹ̀: kí Mojíre tètè fi páálí ṣe ọ̀pá fún bàbá. Ó ṣe é, ó sì dán. Ògì ni kò fi lẹ̀ ẹ́.