Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Kún Nínú Ààwẹ̀

Mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèdú lọ aṣọ nílé wa ní Ìkòròdú nígbà tí obìnrin ẹlẹ́ja kan, ará Ẹ̀pẹ́, yà kí mi. Ó ní àbúrò mi tó wà nílé ọkọ lọ́dọ̀ wọn ti sanra, pé ó tiẹ̀ ń bá wọn gbààwẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ló rò pé òun mú wá. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, mo lọ di ẹrù.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ ní èrìgì àbúrò mi, àmì pupa wẹ́wẹ́ á sì kún ojúgun rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ l'Ékòó ṣàlàyé fún mi pé ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pa ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá. Ó fún un ní oògùn oníhóró funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun. Ó ní oògùn náà á mú kí ojú rẹ̀ kún, pé ìyẹn kì í ṣe àlàáfíà, àti pé kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi wa fi gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, oòrùn ti ń rọ̀. Mo bá òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀.

"Oògùn rẹ ńkọ́?"

"Àǹtí mi, mi ò lò ó láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé aláìsàn náà ń gbààwẹ̀ ni?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Aláìsàn wo, àna mi? Ẹ ò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni?"

"Àwọn ìyàwó ilé ní aláìsàn tó sanra ju àwọn lọ ni mí," ni àbúrò mi wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Mo ká ìró rẹ̀ sókè. Àmì pupa náà ti gba ojúgun rẹ̀ dé orúnkún. Mo ní kó la ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ ti yí eyín rẹ̀ ká.

Mo sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé oògùn ló mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kún, kì í ṣe àlàáfíà. Ìyá náà gbé ẹ̀wà sílẹ̀.

"Kò ní pẹ́ tí oòrùn á fi wọ̀," ni àbúrò mi wí. "Ẹ jẹ́ kí n parí tòní."

Ìyá náà ti dìde. Ó bu omi, ó mú ẹ̀kọ tútù wá. "Ìyàwó, ṣínu. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó wá bá mi sọ ọ́."

Àbúrò mi jẹun, ó lo oògùn náà. A fẹnu kò pé ọkọ̀ àárọ̀ la máa fi gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí mo ṣe jáde lọ béèrè ọkọ̀ létí omi, ìyá náà tẹ̀ lé mi, ó di apá mi mú.

"Àna mi, ẹ tètè dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti tàn mí jẹ; mi ò mọ ohun tí mo tún lè wò lára ẹ̀ kí n mọ̀ pé ó ń burú sí i."