Òróró Inú Gìtá

Bàbá náà gbé gìtá sókè, wọ́n fi imú sí abẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò, wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ àná ti kan. Wọ́n dijú. Wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n wo Bọ̀dá Jákọ́bù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń làágùn, wọ́n ní:

"Jákọ́bù, ta ló ń fún nǹkan yìí lóróró mu?"

Èmi wà lábẹ́ tábìlì ìránṣọ ìyá mi, láàárín àwọn àjákù aṣọ. Ẹ̀rọ ìyá mi dákẹ́ lójijì, torí òun náà fẹ́ gbọ́ èsì.

Òkè-Bọ́là ni, n'Ìbàdàn, nígbà tí mo ṣì kéré. Fàráńdà kan náà ni ìyá mi àti bàbá yẹn jọ ń lò. Ìyá mi ń ránṣọ ní apá ọ̀tún, bàbá ń tún rédíò àti gìtá ṣe ní apá òsì. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń dún tàkìtàkì níhìn-ín, rédíò kan á máa sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún tí kò ní parí gbólóhùn kan kó tó kú. Òórùn apá tiwọn ni mo fẹ́ràn jù: èéfín òjé tó ń yọ́ lábẹ́ irin gbígbóná, sípírítì inú ìgò dúdú, àti ata gígún tí wọ́n máa ń jẹ pẹ̀lú ẹ̀pà bí wọ́n bá ń ronú.

Mo lè dárúkọ gbogbo ẹni tó gbé àgbàlá yẹn fún yín lónìí. Ràṣídì àti Múyì, àti àwọn ìbejì Ìyá Elépo, Bọ́sẹ̀ tó máa ń jẹ ẹfun, Sìkírù arọ tó mọ ayò ta ju gbogbo wa lọ. Bàbá yìí nìkan ni mi ò mọ orúkọ wọn. Ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ, ìyá mi pàápàá kì í pè wọ́n. "Bàbá" ni a ń pè wọ́n, àwọn ará ìta a ní "Bàbá Onírédíò", ó parí. Nígbà tó fi máa wá sí mi lọ́kàn láti bèèrè, àwọn tí mo lè bi ti lọ tán.

Bọ̀dá Jákọ́bù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. "Bàbá, òróró àdúrà ni. Wòlíì ló ń dà á sí i."

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan wà lẹ́yìn ilé wa, Bọ̀dá Jákọ́bù ló sì ń ta gìtá níbẹ̀. Ọmọ òrukàn ni, ó ń gbé pákó fún káfíńtà láàárín ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kí i lójú títì. Ṣùgbọ́n bó bá gbé gìtá kọ́rùn lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ìyá ìjọ á máa pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á máa jó bọ̀ níwájú rẹ̀. Gìtá yẹn ló sọ ọ́ di ènìyàn.

Gìtá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bó bá ti yí bọ́tìnnì ohùn báyìí, á ta pàràpàrà bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Ẹnìkan nínú ìjọ ní òun rí Jákọ́bù ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Mọ́kọ́lá, tó ń fi gìtá yẹn kan náà ṣeré fún àwọn ọlọ́tí. Wòlíì sì ní ó yé òun wàyí, ẹ̀mí kan ló bá gìtá wálé láti ibẹ̀. Wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n da òróró sí i lórí. Ariwo náà le sí i. Wọ́n tún gbàdúrà, wọ́n tún da òróró. Bó ṣe ń le sí i ni wọ́n ń dà á sí i. Ìkórè wá ku ọ̀la, Wòlíì sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí gìtá bá tún pariwo lọ́jọ́ ìkórè, àwọn á gbà á lọ́wọ́ Jákọ́bù.

"Èmi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà o, Bàbá," ni Bọ̀dá Jákọ́bù wí. "Mi ò lè purọ́ fún yín."

"Ṣé mo bi ọ́ ní ti òtẹ́ẹ̀lì?" Bàbá fa okùn áńpù wọn, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde, yọ lábẹ́ tábìlì. "Jókòó, jàre. O ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́."

Bàbá kì í tú nǹkan kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo ti rí àwọn atúnrédíò mìíràn láyé mi, súkúrù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú. Ti bàbá wa kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n so gìtá mọ́ áńpù, wọ́n ká ọwọ́ lé itan, wọ́n sì jókòó bí ẹni tí àlejò ń rojọ́ fún. Áńpù náà ń kùn.

"Ọmọ aránṣọ," ni wọ́n pè mí, "jáde lábẹ́ ibẹ̀. Ariwo mélòó lo gbọ́?"

"Ẹyọ kan, Bàbá."

"Etí rẹ ń kánjú. Tún gbọ́."

Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí àwọn okùn gìtá. Kíkùn náà dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá fi ìka méjì yí bọ́tìnnì ohùn, ó ta pàràpàrà, ìyá mi sì fi ọwọ́ bo etí.

"Méjì ni," ni mo wí.

"Méjì ni. Èyí tó ń ta yìí, àìsàn nìyẹn, a máa wò ó. Èyí tó ń kùn, ọwọ́ ló ń wá. Tí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, á dákẹ́. Mi ò ní yọ ìyẹn lẹ́nu."

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Wòlíì fi yọ, ẹsẹ̀ lásán, sùtánà funfun, ó ń bọ̀ láti wo ibi tí ọ̀rọ̀ gìtá ìjọ dé. Bàbá jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, síbẹ̀ wọ́n dìde fún un díẹ̀, wọ́n sì ní kí ìyá mi gbé àpótí fún un.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí i?" ni Wòlíì bèèrè. "Nǹkan tó wà nínú rẹ̀."

"Mo ń ṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ ni, Wòlíì. Ẹ jókòó kí a jọ rí i."

Wọ́n tú súkúrù, wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀yìn, wọ́n sì kọjú gìtá sí ìmọ́lẹ̀. Òróró ti gba abẹ́ bọ́tìnnì wọlé, eruku ti bá a níbẹ̀, méjèèjì ti di ẹrẹ̀ dúdú bí òróró tí wọ́n fi dín dòdò níjẹta. Wòlíì na ọrùn.

Bàbá na ọwọ́ sí mi láì wò mí. "Fún mi ní aṣọ tí kì í fi òwú sílẹ̀."

Mo mú àjákù populíìnì, aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì, fún wọn. Wọ́n fi ìka ra á, wọ́n dá a padà. Mo mú àjákù ìtẹ́nú kóòtù, aṣọ inú kóòtù tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n mi orí pé ìyẹn dára. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú sípírítì, wọ́n fi ṣóńṣó rẹ̀ nu inú bọ́tìnnì náà, wọ́n yí i lọ, wọ́n yí i bọ̀, wọ́n tún nù ún. Wọn ò kánjú. Lílọ bíbọ̀ náà dà bí ìgbà tí ìyá bá ń fi ẹsẹ̀ mi ọmọ kó lè sùn. Nígbà tí aṣọ kò yọ dúdú mọ́, wọ́n fi ẹnu fẹ́ ẹ kó gbẹ, wọ́n so ó padà mọ́ áńpù, wọ́n ní kí Bọ̀dá Jákọ́bù wá yí i fúnra rẹ̀.

Ó yí i dópin. Kò ta.

Wòlíì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ fẹ́ sọ pé òróró àdúrà ló bà á jẹ́?"

Ìyá mi tẹ orí ba, ó ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Wòlíì," ni Bàbá wí. "Àdúrà yín dé ibi tó ń lọ. Òróró ni kò yẹ kó bá a dé ibẹ̀."

Wòlíì wo gìtá, ó wo aṣọ dúdú tó wà lórí tábìlì. "Níbo ni ká wá máa ta á sí?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀. Igi lásán ló wà níbẹ̀, igi mọ òróró. Ní ti òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin àti Jákọ́bù lẹ máa jọ sọ ìyẹn. Mo ti ṣí i, mi ò bá òtẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀."

Wòlíì gbìyànjú láti fa ojú ro. Ìyá mi ni ẹ̀rín kọ́kọ́ mú, ni Wòlíì náà bá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìkórè, nígbà tó gbé ìgò òróró dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Jákọ́bù, Bọ̀dá Jákọ́bù yí ẹ̀yìn gìtá sí i bí ìyá tó ń yí ìdí ọmọ sí nọ́ọ̀sì fún abẹ́rẹ́. Wòlíì sì ta á síbẹ̀, ẹ̀kán péréte.

Mi ò mọ̀ pé mo gbé gbogbo èyí dání wá sí New York. Aṣọ rírán nìkan ni mo rò pé mo kọ́ lórí fàráńdà yẹn. Ìwé mi kò pọ̀. Ìránṣọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, lẹ́yìn náà mo ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn títí èmi náà fi di arúgbó. Dàpọ̀ nìkan lọmọ tí mo bí. Ní Wakefield, àdúgbò wa níbí, ló dàgbà sí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, gìtá ló sì ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti lé díẹ̀ lọ́dún kan báyìí tí àìsàn mú un lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀, Rónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé gìtá náà wá fún mi, òun àti Tèmi ọmọ wọn. Tèmi ló fẹ́ fi ta orin nínú ìsìn náà. Ṣùgbọ́n gìtá ń pariwo.

"Màámi, a ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù," ni Rónkẹ́ wí. "Wọ́n ní àfi káwọn kó gbogbo inú ẹ̀ dànù, káwọn fi tuntun sí i."

"Gíráńmà, kò sí wàhálà," ni Tèmi wí. "Mo lè yá tẹlòmíì."

Mo wo bọ́tìnnì ohùn náà. Àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́ níbi tí ìka ọmọ mi máa ń dì í mú. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ kó dànù. Mo ní kí Tèmi so ó mọ́ áńpù, kó yí i. Ó ta pàràpàrà. Mo gbé gìtá sókè, mo fi imú sí abẹ́ bọ́tìnnì.

Mo mọ òórùn náà kí n tó gbé imú kúrò. Rónkẹ́ ń wò mí. Òun náà mọ̀. Ní ìgbà òtútù tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ wa láti àdúgbò Williamsbridge wá gbàdúrà fún Dàpọ̀ nínú ilé. Kò gbà kí wọ́n gba gìtá kúrò láyà òun. Wọ́n da òróró sí i lórí, òróró ṣàn kọjá àgbọ̀n rẹ̀ sórí gìtá, Dàpọ̀ sì ń ṣe àmín.

"Òróró ọjọ́ yẹn ni, Màámi," ni Rónkẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún."

Ọkọ̀ ojú irin kọjá lórí afárá tó wà lókè White Plains Road, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù gbọ̀n. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Àdúrà ìkẹyìn tí a gbà lé e lórí ló wà níbẹ̀, a sì ti mọ bó ṣe parí. Bí a kò bá nù ún, wọ́n á kó inú gìtá dànù, tàbí kí Tèmi ta ti ẹlòmíràn fún bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe tèmi. "Rónkẹ́, àdúrà wa dé ibi tó ń lọ. Òróró ni kò yẹ kó bá a dé ibẹ̀." Mi ò lè búra pé mo gbà á gbọ́ tán bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn. Mo ṣì ń bá Ọlọ́run sọ ọ́.

Rónkẹ́ sunkún díẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú sípírítì wá láti ilé ìwẹ̀. Mo wá àjákù ìtẹ́nú kóòtù nínú agbọ̀n mi. Tèmi tú súkúrù torí ojú mi kò gbé e mọ́, èmi ń nu, òun ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀. Nígbà tí aṣọ mọ́, a so ó padà. Kò ta mọ́.

"Ṣùgbọ́n ó ṣì ń kùn, Gíráńmà."

"Gbé ọwọ́ lé e."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn okùn náà. Yàrá dákẹ́. Ó wò mí, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e lé e, bí èmi náà ì bá ti ṣe ká ní Bàbá gbà fún mi. Rónkẹ́ ká aṣọ olóróró náà kékeré, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀. Mi ò bá a jà.

Lọ́jọ́ ìrántí, gìtá náà kọ́kọ́ kùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Kúnlé tó ń mójú tó ẹ̀rọ ohùn sì fẹ́ dìde. Tèmi ti gbé ọwọ́ lé e. Ó ta orin bàbá rẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọ̀dọ̀ mi ni gìtá máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n ta. Àmọ́ lọ́sàn-án, bí ilé bá dá, mo máa ń so ó mọ́ áńpù, màá jókòó tì í, màá ká ọwọ́ lé itan bíi ti bàbá tí mi ò mọ orúkọ wọn. Màá jẹ́ kó kùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá gbé ọwọ́ lé e.