Ojú Ewé Tí Adájọ́ Fò

Adájọ́ ni àwa tá a jọ ń lọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ń pe obìnrin kan láàárín wa, nítorí kò sí ìwé ìtàn ìfẹ́ tó kà rí tí kò dá lẹ́bi. "Ọmọbìnrin yìí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni? Àárọ̀ dalẹ́, ìfẹ́ ṣáá!" Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá àwọn ọmọbìnrin inú ìwé jà bíi pé òun ló bí wọn, tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò sì máa lọ yẹ̀ẹ̀ lórí aṣọ ibùsùn.

Èmi ni mo yá a ní ìwé tó da nǹkan rú yìí. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ o. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, tí ọkùnrin gidi kan wá fẹ́ ẹ. Mo ní, áà, ìwé Adájọ́ dé.

Bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọdún kọkànlá rèé tí ojú bàbá rẹ̀ ti fọ́, tí ẹsẹ̀ ò sì gbé e mọ́. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wẹ bàbá. Tó bá di ọ̀sán, á sáré lọ sílé lọ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà bó, á sì tún sáré padà wá bá wa. Láti ọdún mọ́kànlá yẹn, kò sun ibòmíràn rí.

Awakọ̀ tó ń kó aṣọ wá fún wa ti ń fẹ́ ẹ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún un níbẹ̀. Ó ní kí Adájọ́ jẹ́ káwọn ṣègbéyàwó káwọn jọ lọ, ọjọ́ Jímọ̀ ni òun ń retí èsì. Ọmọ kan ṣoṣo sì ni Adájọ́ jẹ́ fún bàbá rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ, ó ju ìwé náà sórí tábìlì mi.

"Wọ́n pa bàbá náà!"

"Bàbá wo?"

"Bàbá inú ìwé! Ojú ewé igba ó lé mẹ́wàá, ó sùn, kò jí. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, ìgbéyàwó. Ṣé ohun tí mò ń wá nìyẹn? Bó ṣe máa lọ tí bàbá ẹ̀ ṣì wà láyé ni mo fẹ́ mọ̀. Ọ̀lẹ lẹni tó kọ ọ́!"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ohun tó ká a lára ni pé bó ṣe ń kà á fúnra rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ló ń kà á sí bàbá létí níròlẹ́, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi ikú náà.

Èmi onímọ̀ràn, mo ní, "Fò ó. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ti gbàgbé iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe. Ogójì ọdún ló fi ń rán ìwé pọ̀, tó ń lẹ èèpo ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adájọ́ fo ibẹ̀, ó ní bàbá inú ìwé ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Mo gbọ́ ìró rẹ̀, bébà mẹ́rin lo ṣí pa pọ̀. Wọ́n pa á, àbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi."

"Kà á."

Ó kà á. Bàbá fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Má bínú sẹ́ni tó kọ ọ́," bàbá ní. "Èmi náà ti ń retí ibẹ̀. Ó tiẹ̀ pẹ́ jù lójú mi."

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, kò wojú mi.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, inú mi dùn. Inú mi dùn, kí n tó rántí ara mi. Ìdí tí mo fi ju ìwé ẹ nìyẹn." Ó na aṣọ ibùsùn kan sílẹ̀. "Tí bàbá ò bá sọ ohun tó sọ yẹn, bóyá ǹ bá bá awakọ̀ lọ. Tí mo bá lọ báyìí, á rò pé mo gbà lóòótọ́ pé òun ti pẹ́ jù láyé ni."

Ìmọ̀ràn tí mo gbà á tì mí lójú.

Awakọ̀ dé, ó gbé ẹrù aṣọ sílẹ̀, ó sì dúró. Adájọ́ mi orí fún un pé rárá. Ọkùnrin náà béèrè bóyá kí òun dúró dè é, àti títí di ìgbà wo.

"Má bi mí ní ìgbà wo," ló wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi mí ní ìgbà wo."

Ọkùnrin náà lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, Adájọ́ pa áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sáré lọ sílé lọ yí bàbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.