Ibojì Bàbá Aláago

Èmi ni wọ́n fún ní ìwé òkú ẹgbẹ́ wa pa mọ́ ní Nkololoun, àdúgbò tí a ń gbé lájò. Àwọn ọkùnrin tó mọ̀wé kò fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n wá rántí pé ìyàwó kan wà tó lè kọ lẹ́tà. Bí ọmọ Yorùbá bá kú sí àjò, ẹgbẹ́ á sin ín, èmi á kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, agboolé rẹ̀ àti ibi tí wọ́n sin ín sí, a óò sì kọ lẹ́tà sílé.

Nígbà tí ìlú le, tí ọkọ̀ ojú omi dínkù ní èbúté, ìwé náà ń kún kíákíá. Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Àwọn tiwa ò relé mọ́.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Aláago kú. Aago ọwọ́ ni wọ́n ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó, aago ń lọ o." Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti ibi ìsìnkú dé, mo bi wọ́n pé kí lorúkọ bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ta ló máa bi àgbà lórúkọ? Ẹ̀kọ́ ilé wa pọ̀ ju ọgbọ́n wa lọ. Òjò tó ya wọ yàrá bàbá sì ti fọ ojú séjour wọn, ìwé ìgbélùú, kò ṣeé kà.

Mo kọ "Bàbá Aláago". Kò sí agboolé tí n ó kọ lẹ́tà sí. Inú bí mi, mo pa ìwé dé láì bèèrè ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Mo ní, ta ni yóò wá wò ó? Ẹ̀bi mi nìyẹn, mi ò lè dì í ru ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ wọn obìnrin dé láti Òkè-Ògùn. Ìròyìn ikú bàbá ti dé ọ̀dọ̀ wọn nílé látẹnu èrò àjò, ará àdúgbò sì sọ fún un pé ọwọ́ mi ni ìwé wà. Ó mú fọ́tò jáde. Ojú Bàbá Aláago ni mo rí.

"Ìyá mi kò tíì ṣe opó, mà," ó ní. "Wọ́n ní ẹni tí àwọn ò mọ ibojì rẹ̀ kò tíì kú. Wọ́n ṣì ń bu oúnjẹ bàbá sọ́tọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibẹ̀ hàn mí."

Nínú àwọn tó gbẹ́ ibojì, ọ̀kan ti kú, àwọn yòókù ti padà sí Nàìjíríà. Mo ṣí ìwé níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ibi tí mo fi sílẹ̀ ṣófo ń wò mí. Mo ní kó máa bọ̀.

Ní itẹ́ òkú, mo nàka sí òkìtì kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ó wólẹ̀, ó sunkún títí, ó di erùpẹ̀ díẹ̀ sí etí ìró rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ bàbá rẹ̀ fún mi pé kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ orúkọ náà nìyẹn.

Ìyá náà ti ṣe opó tán. Wọ́n kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n máa bá àwọn ro ibojì náà. Mo sì ń ro ó lọ́dọọdún, mi ò mọ òkú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú ni mo ti ń bọ́ bàtà, torí ibikíbi tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ̀ lè jẹ́ orí Bàbá Aláago.