Gíláàsì Tó Ṣú Lọ́nà Ṣakí

Ìdájí lèmi àti bàbá mi kúrò n'Ísẹ́yìn. Òjò ti ń rọ̀ kí n tó ṣíná ọkọ̀, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ṣìnkìn. Bàbá ti ń hun aṣọ òfì láti kékeré, àmọ́ nǹkan funfun kan bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, kò rí ojú òwú mọ́. Àwọn dókítà ojú wá ṣiṣẹ́ abẹ ní Ṣakí, ẹni tó bá tètè dé ni wọ́n máa gbà. Mo bẹ Bàbá títí kó tó gbà. Ó ní, "Bí wọ́n bá dá wa padà, mi ò tún bá ẹ lọ mọ́." Mo mọ̀ pé kò fi ìyẹn ṣàwàdà.

A kọjá Ìpàpó, òjò wá le. A ti gbogbo fèrèsé. Kò pẹ́, gíláàsì iwájú funfun báláú. Mo fi àkísà nù ún, ó tún ṣú. Mo rò pé òtútù ló fà á, mo bá pa éésì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ojú ọ̀nà yẹn kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, ni mo bá yà sẹ́bàá ọ̀nà.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "O ti wá ń rí ohun témi ń rí láràárọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo fi fóònù pe Kàmọ́rù, mẹkáníìkì mi. Tíṣà ló máa ń pè mí, torí iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe.

"Tíṣà, ẹ tan éésì padà, ẹ darí ẹ̀ sí gíláàsì. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ya gíláàsì sí. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn ìta wọlé."

"Ṣé kí n fi ooru kún un? Mo rí àmì pupa níbí."

Kàmọ́rù ní, "Ooru ò sí ńbẹ̀ mọ́ o. Mo ti gé rọ́bà ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ra ọkọ̀. Ta ló ń wá ooru l'Ókè-Ògùn?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Rọ́bà yẹn ló ń gbé omi gbígbóná wá látinú ẹ́ńjìnì.

Mo ṣe bó ṣe wí. Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí ìjókòó. Omi inú èémí wa ló ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tí òjò mú tutù, bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Éésì ń fa omi náà kúrò nínú atẹ́gùn, òun ló máa ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí mo fi ń rò pé ọkọ̀ ń jò. Ká ní ooru wà ni, gíláàsì ìbá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìbá tètè là. Nígbà tó yá, éésì mú gíláàsì tutù jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lóde. Ìyẹn ò le, wáípà nù ún lọ.

Àyè kan ṣoṣo ló kù nígbà tá a dé Ṣakí. Wọ́n fún Bàbá, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú báńdéèjì ojú ọ̀tún. Oòrùn là nígbà tá à ń padà bọ̀, Bàbá sì nawọ́ sí iwájú. "Ṣé bí gíláàsì ẹ ṣe dọ̀tí tó nìyí, o wá ń gbé mi kiri?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

A yà lọ́dọ̀ Kàmọ́rù, mo ní kó dá rọ́bà ooru mi padà. Nǹkan tá a bá pè ní aláìwúlò, n óò máa bèèrè iṣẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó gé e.

Bá a ṣe délé, ìdí òfì ni Bàbá gbà lọ. Ó gbé aṣọ tó wà lórí ẹ̀ sún mọ́ ojú.

"Ta ló hun èyí? Òwú pupa ti ṣìnà."

"Bàbá, ẹ̀yin ni."

Ó wò mí, ó wo aṣọ. Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.