Omi Abẹ́ Bíríìjì

Káputéènì ni gbogbo ilé wa ní Ṣàngó ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ ojú omi rí. Èmi náà ni mo fà á. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ilé ìṣẹ́ irin sílẹ̀ láti lọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, iṣẹ́ àwọn tó ń so okùn tó sì ń fọ orí ọkọ̀, ẹnu mi ò dákẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n kó wa padà sí odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ọ́tà, níbi tí a ti ń kọ́ṣẹ́ ní apá tí omi ò ti jìn. Lọ́tẹ̀ yìí, a ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, a ó sì bẹ́ sómi láti orí pèpéle gíga. Ẹni tí kò bá bẹ́ ò ní ríwèé ẹ̀rí gbà, kò sì sí ọkọ̀ tó máa gbà á síṣẹ́. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó wà láàárín wa bẹ́, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti dúró ti irin tó ń yọ́ fún ọdún gbọọrọ, mo kàn wo omi nísàlẹ̀, mo yí padà. Àkàsọ̀ tí mo gbà gòkè náà ni mo gbà sọ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì, pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. Ì bá kúkú bú mi.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbẹ délé? Mo ra píọ̀ wọ́tà lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó, mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọganáísà kan, mo dà á sórí, mo dà á sára aṣọ. Fọganáísà náà ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ooru òní yìí kì í ṣe kékeré o."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nílé, wọ́n ń kí Káputéènì kú oríire, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ìyàwó mi gba aṣọ náà, ó sá a. Ìtìjú ò jẹ́ kí n jẹun, mo tètè lọ sùn.

Láàárọ̀, bí mo ṣe ń so okùn bàtà, ìyàwó mi jókòó tì mí.

"Bàbá Ìbejì, òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sómi òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni aṣọ yín máa ń gbé wálé. Tàná ò rùn nǹkan kan." Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Tẹ́rù bá tún bà yín lónìí, ẹ gbẹ bọ̀ wálé."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo bẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo figbe ta, mo mu omi yó, àmọ́ mo bẹ́. Tomi-tomi ni mo sáré wálé láti wá sọ fún un. Kó tó kí mi káàbọ̀, ó kọ́kọ́ gbé imú sí mi lọ́rùn.